Kí ló dé tó jẹ́ márùn-ún márùn-ún ni nǹkan àwọn Sikh?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí: àwọn Sikh, àwọn ará Íńdíà tó máa ń wé láwàní tí wọn kì í gé irun yẹn, kí ló dé tó jẹ́ pé ibi téèyàn bá yà sí nínú ẹ̀sìn wọn, márùn-ún ló máa bá níbẹ̀, èèyàn márùn-ún, nǹkan márùn-ún lára, olè márùn-ún, ìtẹ́ márùn-ún, ṣé nọ́ńbà oríire ni lójú wọn ni àbí awo kan wà nídìí ẹ̀?

Inú mi dùn gan-an pé ẹnìkan béèrè, torí ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbé láàárín wọn ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo sì rò nípa wọn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ti wá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí: kì í ṣe nọ́ńbà oríire. Àwọn Gúrù wọn, ìyẹn àwọn olùkọ́ tó darí ẹ̀sìn náà níbẹ̀rẹ̀, ò tiẹ̀ fara mọ́ kéèyàn máa wá ọjọ́ tó sàn àti ọjọ́ tí ò sàn kiri, Gúrù Amar Das, ẹ̀kẹta nínú wọn, sọ ọ́ gbangba nínú Guru Granth Sahib, ìwé mímọ́ wọn, pé òmùgọ̀ ló ń sin ọjọ́ àti déètì. Awo kankan náà ò sí níbẹ̀. Márùn-ún lọ́dọ̀ wọn, iye èèyàn tó tó láti pàṣẹ ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ, torí òun ló ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ìyókù.

Àwa náà kúkú mọ̀ pé nọ́ńbà máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ rántí àrokò ayé àtijọ́, tí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ séèyàn, ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ti fà sí i nìyẹn. Àmọ́ ìró ọ̀rọ̀ ló gbé tiwa yẹn ró, ẹfà àti fífà. Ti Sikh ò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ló gbé e ró, ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu ba ilẹ̀ wọn ná torí òun làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Orúkọ Punjab fúnra ẹ̀, èdè Páṣíà ni, panj ni márùn-ún, āb ni omi, odò márùn-ún tó ń ṣàn níbẹ̀ ni Jhelum, Chenab, Ravi, Beas àti Sutlej. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì lọ́dún 1947 wọ́n la ilẹ̀ yẹn láàárín, Nankana Sahib tí wọ́n ti bí Gúrù Nanak tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, lọ́dún 1469, ọwọ́ Pakistan ló wà títí dòní. Àwọn kan máa ń ní látinú odò márùn-ún yìí ni gbogbo márùn-ún Sikh ti ṣẹ̀ wá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Odò sọ ilẹ̀ lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ márùn-ún di nǹkan ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ èèyàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi.

Ó yá, ìtàn náà rèé. Ọdún 1699, ìlú Anandpur, ọjọ́ ọdún Vaisakhi tí wọ́n máa ń ṣe báyìí láàárín oṣù kẹrin. Gobind Rai, Gúrù kẹwàá, ti ránṣẹ́ pe àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ látọ̀nà jíjìn. Ẹ mọ̀ pé ìjọba Mughal, tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà yẹn, ti bẹ́ bàbá ẹ̀, Gúrù Tegh Bahadur, lórí ní Delhi lọ́dún 1675, Gobind ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. Torí náà nígbà tó bọ́ síwájú èrò lọ́jọ́ náà tó fa idà yọ tó ní orí lòun ń fẹ́, ta ló máa fún òun ní orí ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ṣeré ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún un sọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan dìde, Daya Ram, oníṣòwò láti Lahore. Gúrù mú un wọnú àgọ́, àwọn tó wà níta gbọ́ ìró idà, Gúrù nìkan ló jáde, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu idà, ó tún ní òun ń fẹ́ orí míì.

Èèyàn á rò pé gbogbo èrò á ti túká, àwọn kan sì sá lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Síbẹ̀ ẹnìkejì dìde, Dharam Das, àgbẹ̀ láti Hastinapur nítòsí Delhi. Ẹ̀kẹta, Himmat Rai, apọnmi láti Puri létí òkun ní ìlà-oòrùn. Ẹ̀kẹrin, Mohkam Chand, láti Dwarka létí òkun kejì ní ìwọ̀-oòrùn, iṣẹ́ aṣọ ló ń ṣe, àwọn kan ní télọ̀ ni, àwọn kan ní ó ń fi òǹtẹ̀ tẹ iṣẹ́ ọnà sí aṣọ ni. Ẹ̀karùn-ún, Sahib Chand, onígbàjámọ̀ láti Bidar ní ìsàlẹ̀ gúúsù. Lẹ́yìn ìyẹn ni Gúrù kó àwọn márààrún jáde láàyè, wọ́n ti wọṣọ tuntun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àgọ́ náà, kálukú ló ní bó ṣe ń sọ ọ́, àwọn kan ní ewúrẹ́ ló pa, àwọn kan ní ó pa wọ́n lóòótọ́ ó sì jí wọn dìde, àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ kì í fẹ́ jiyàn lórí ẹ̀, wọ́n ní ohun tó wà lójú gbangba ti tó fún àwọn.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró síbí yìí díẹ̀. Ẹ wo ibi tí àwọn èèyàn yẹn ti wá, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, gbogbo igun Íńdíà. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní Íńdíà ìgbà yẹn, látinú oyún ni wọ́n ti pín èèyàn sí ìpele, apọnmi àti onígbàjámọ̀ wà nísàlẹ̀, oníṣòwò ìran Khatri ò ní bá wọn jẹun nínú abọ́ kan, kò ní fẹ́ ọmọ wọn. Gúrù wá bu omi sínú àwo irin, ó ń fi idà olójú méjì tí wọ́n ń pè ní khanda rò ó, ó ń ka àdúrà sí i, ìyá kan nínú ilé Gúrù sì da patasha sí i, ìyẹn ṣúgà fúyẹ́fúyẹ́ kan báyìí tó máa ń yọ́ lẹ́nu, kí agbára tó wà nínú idà lè ní adùn nínú. Àwọn márààrún mu nínú àwo kan náà. Oníṣòwò fẹnu kan ibi tí ẹnu onígbàjámọ̀ kàn. Omi yẹn ni wọ́n ń pè ní amrit. Gbogbo wọn gba orúkọ kan ṣoṣo, Singh, ìyẹn kìnnìún, ká má baà tún fi orúkọ ìdílé mọ ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ́. Panj Pyare ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn Àyànfẹ́ Márùn-ún.

Bó bá tán síbẹ̀ à bá sọ pé ìtàn ìgboyà ni. Kò tán síbẹ̀. Gúrù kúnlẹ̀ síwájú àwọn márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní omi yẹn, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni fẹ́ gba omi mu, ó ní kí àwọn náà wá fún òun mu. Àwa tá a mọ ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ fún ẹni, ẹ fojú inú wò ó, olórí ẹ̀sìn, ọmọ ẹni tí wọ́n pa nítorí ẹ̀sìn, lórí eékún níwájú apọnmi. Wọ́n fún un. Ìgbà yẹn lòun náà di Gobind Singh, wọ́n sì ń kọ ọ́ lórin títí dòní pé òun fúnra ẹ̀ ni Gúrù, òun fúnra ẹ̀ ni ọmọlẹ́yìn. Mo máa ń rò ó pé eékún Gúrù yẹn ló sọ márùn-ún di ohun tó jẹ́, ju idà lọ. Torí látọjọ́ yẹn, èèyàn márùn-ún tó ti gba amrit, tí wọ́n bá jókòó níwájú ìwé mímọ́, wọ́n dúró nípò Gúrù.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, wọ́n fi dán Gúrù fúnra ẹ̀ wò. Ní December 1704, àwọn ọmọ ogun Mughal ká a mọ́ ilé amọ̀ kan ní Chamkaur, àwọn tó wà pẹ̀lú ẹ̀ ò ju bí ogójì lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀ méjì tó dàgbà jù, Ajit Singh àti Jujhar Singh, jáde lọ jà, wọ́n kú lójú ẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn Àyànfẹ́ àkọ́kọ́ náà kú síbẹ̀, Himmat Singh, Mohkam Singh àti Sahib Singh. Nígbà tílẹ̀ ṣú, Gúrù ti múra pé òun náà á jáde lọ kú láàárọ̀. Àwọn tó kù bẹ̀ ẹ́ kò gbà. Ni márùn-ún nínú wọn bá dìde, wọn ò bẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n pàṣẹ fún un pé kó kúrò níbẹ̀ lóru yẹn, pé ìjọ ṣì nílò ẹ̀. Ẹni tó sì ti kúnlẹ̀ fún márùn-ún ní 1699 ò lè wá sọ ní 1704 pé òun ò gbọ́. Ó kúrò. Ó pẹ́ láyé di 1708.

Ọdún 1708 yẹn náà, kó tó kú ní Nanded, ó rán Banda Singh, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀, padà lọ sí Punjab láti lọ bá àwọn ìjọba jà, ọfà márùn-ún ló fún un, ó sì fi èèyàn márùn-ún tì í pé àwọn ni kó máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn. Ẹ rí i pé ohun kan náà ló ń ṣe, kò fẹ́ kí agbára wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé kí ló dé tí kò jẹ́ mẹ́ta tàbí méje. Ọ̀rọ̀ panch yìí, ní èdè Íńdíà, ó ti pẹ́ kí Gúrù tó wáyé tó ti ní ìtumọ̀ méjì. Márùn-ún ni. Àwọn àgbà abúlé tó ń jókòó ṣẹjọ́ náà sì ni, panchayat ni wọ́n ń pe ìgbìmọ̀ wọn, ó wà níbẹ̀ dòní. Bí ẹni bá sọ pé "panch ti sọ̀rọ̀", ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bhai Gurdas, ẹni tó fọwọ́ kọ ìwé mímọ́ wọn sílẹ̀ nígbà tí Gúrù Arjan kó o jọ lọ́dún 1604, sọ ọ́ nínú ewì ẹ̀ pé ẹnìkan jẹ́ Sikh, ẹni méjì jẹ́ ìjọ, níbi tí márùn-ún bá wà Ọlọ́run wà níbẹ̀. Àwa ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, Bhai Gurdas wá ka iye tí yóò jẹ́ àwá dé fún wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo déètì náà o, ó ti kú kí wọ́n tó bí Gobind Singh, nítorí náà kì í ṣe Anandpur ni márùn-ún ti bẹ̀rẹ̀, Anandpur kàn fún un ní ara àti ojú ni.

Ibí làwọn èèyàn ti máa ń ṣi nǹkan kan tú. Nínú Japji, àdúrà Gúrù Nanak tí wọ́n ń kà láàárọ̀ ojoojúmọ́, ẹsẹ kan wà tó lọ báyìí: "Àwọn márùn-ún ló yege, àwọn márùn-ún ni aṣáájú, àwọn márùn-ún ló ń gba iyì láàfin, àwọn márùn-ún ló dára lẹ́nu ọ̀nà ọba, àwọn márùn-ún yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni Gúrù wọn, ìfọkànsí." Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á ní àsọtẹ́lẹ̀ Panj Pyare nìyẹn. Nanak kú lọ́dún 1539, ó ku ọgọ́jọ ọdún kí Anandpur tó ṣẹlẹ̀, ohun tó sì ń sọ, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń túmọ̀ ẹ̀, ni àwọn tí Ọlọ́run yàn, àwọn àgbà níwájú Ọlọ́run, panch nítumọ̀ kejì yẹn. Ní tèmi, èyí dùn ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ. Nanak mú àwọn àgbà abúlé tí gbogbo èèyàn mọ̀, ó gbé wọn kúrò lábẹ́ igi, ó gbé wọn lọ síwájú ìtẹ́ Ọlọ́run, ó ní ẹni tó ń fọkàn sí Ọlọ́run ló jẹ́ àgbà, kì í ṣe ẹni tó ní ilẹ̀ tàbí ẹni tí ìran ẹ̀ ga.

Ó ku ojú kejì márùn-ún, èyí ò sì dáa. Ìwé mímọ́ kan náà tó ń yin márùn-ún ló ń kígbe olè lé márùn-ún lórí. Gúrù Amar Das ní olè márùn-ún ló ń gbé inú ara yìí, kaam, krodh, lobh, moh, ahankar, ìyẹn ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, ìbínú, ojúkòkòrò, ìfẹ́ ayé tí kì í jẹ́ kọ́wọ́ lè jọ̀wọ́ nǹkan, àti ìgbéraga. Ó ní wọ́n ń kó omi ìyè inú ilé lọ, ẹni tó ń tẹ̀lé ọkàn ara ẹ̀ ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ igbe. Àwòrán yìí máa ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Kì í ṣe olè tó wá láti ìta tí ajá á gbó mọ́, onílé ni wọ́n, inú ilé ni wọ́n ń gbé. Moh yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í lóye, wọ́n á ní ṣé kéèyàn má fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ ni? Rárá o, àwọn Sikh ò sá fún ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí, àwọn Gúrù wọn fẹ́yàwó, wọ́n bímọ. Moh ni kéèyàn di nǹkan mú débi pé nǹkan náà ló wá di òun mú.

Nígbà míì ìwé náà ò tiẹ̀ ní sọ "olè" mọ́, á kàn sọ pé "àwọn márùn-ún yẹn", olúwa ẹ̀ á mọ̀. Èyí ló máa ń da àjèjì láàmú, torí kò mọ márùn-ún wo ni. Àmọ́ Gúrù Arjan, ẹ̀karùn-ún nínú àwọn Gúrù, fi méjèèjì sínú ìlà kan, ìlà yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: "Mo tu márùn-ún lójú, márùn-ún bínú. Mo fi márùn-ún sílé, márùn-ún sá lọ. Báyìí ni ìlú ṣe rí èèyàn gbé, arákùnrin mi." Àwọn márùn-ún tó tù lójú ni ìwà rere márùn-ún: òtítọ́, ìtẹ́lọ́rùn, àánú, ìrẹ̀lẹ̀, ìfẹ́, àwọn tó bínú ni olè. Ọkàn èèyàn wá di abúlé lójú ẹ̀, àwọn àgbà márùn-ún gidi dé, àwọn márùn-ún ayédèrú tó ń pàṣẹ tẹ́lẹ̀ kó ẹrù wọn, ọjà padà ná. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àṣẹ náà ni, inú ọkàn ló kàn ti ń ṣẹlẹ̀ báyìí, pé ta ló ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ.

Àwọn Mùsùlùmí tó ń kà á máa fẹ́ gbọ́ èyí. Àárín Mùsùlùmí àti Hindu ni Nanak gbé dàgbà, ó sì bá àwọn Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ lórí ìrun wọn. Ó ní ìrun márùn-ún ló wà, àsìkò márùn-ún, orúkọ márùn-ún, ó wá ka orúkọ wọn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí Àsùbáà títí dé Ìṣáì, ẹ gbọ́: àkọ́kọ́ òtítọ́, èkejì halal, ẹ̀kẹta ìtọrẹ nítorí Ọlọ́run, ẹ̀kẹrin àníyàn ọkàn tó mọ́, ẹ̀karùn-ún ìyìn Ọlọ́run. Ó ní kéèyàn fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣe kálímà, ìgbà yẹn ni kó tó pe ara ẹ̀ ní Mùsùlùmí. Kò ní kí wọ́n má kírun. Nínú ilé márùn-ún tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sí, kí ẹni tó ń kírun lè máa rántí ẹ̀ bí àsìkò bá ṣe ń tó.

Ìyókù á yá díẹ̀. Nǹkan márùn-ún tó máa ń wà lára ẹni tó ti gba amrit, lẹ́tà K ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn: kesh, irun tí wọn kì í gé, kangha, òòyà onígi tí wọ́n fi há irun yẹn, kara, ẹ̀gbà ọwọ́ onírin, kirpan, idà kékeré, kachera, ṣòkòtò péńpé àwọ̀sábẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ju láwàní lọ, láwàní gan-an ò sì sí nínú márùn-ún yẹn, irun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ti rí i tí ọmọkùnrin Sikh kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ kan tí ẹ̀ṣọ́ ń bi í nípa kirpan, kò bínú, ó kàn fa ọwọ́ aṣọ ẹ̀ sókè díẹ̀, ó kọ́kọ́ fi kara hàn án, ó ṣe àlàyé gbogbo ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ṣọ́ yẹn náà dúró gbọ́ ọ tán.

Ìtẹ́ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Takht, Akal Takht ní Amritsar ni olórí wọn, Gúrù Hargobind ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa bàbá ẹ̀, Gúrù Arjan, lọ́dún 1606. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Anandpur, Patna tí wọ́n ti bí Gobind Singh, àti Nanded tó kú sí. Ẹ̀karùn-ún, Damdama Sahib, ọdún 1966 ni àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìjọsìn wọn ní Punjab tó kà á kún un. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé iye náà ṣì wà lọ́kàn wọn, mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà.

Ìpele márùn-ún tí ọkàn ń gbà lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, tó wà níparí Japji, ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìpele ojúṣe, níbi tí ayé fúnra ẹ̀ ti jẹ́ ilé tí a ti ń ṣe ohun tó tọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ti ìmọ̀, ti akitiyan, ti oore-ọ̀fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùtumọ̀ ò fẹnu kò lórí orúkọ ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún ni Sach Khand, ìpele òtítọ́, ibẹ̀ ni Ọlọ́run tí kò ní àwòrán ń gbé tó ń wo ohun tó dá, tínú ẹ̀ ń dùn. Nanak ní sísọ bí ibẹ̀ ṣe rí le bí irin. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ sí gurdwara, ilé ìjọsìn wọn, yàrá tí wọ́n máa ń gbé ìwé mímọ́ lọ sùn lálẹ́, Sachkhand ni wọ́n ń pè é, wọ́n á gbé ìwé náà lérí lọ síbẹ̀ bí ẹni gbé ọba.

Ẹ tún bi mí bóyá obìnrin lè wà nínú àwọn márùn-ún. Ìwé ìlànà wọn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1945 sọ pé obìnrin lè wà lára àwọn tó ń fúnni ní amrit. Ohun tí mo ń rí lójú ọ̀nà ni pé ọkùnrin ló pọ̀ jù. Nígbà Vaisakhi ní Southall, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí, àwọn márùn-ún máa ń wà níwájú ọkọ̀ tó gbé ìwé mímọ́, aṣọ aláwọ̀ ọsàn, idà lọ́wọ́, wọn kì í wọ bàtà, òtútù oṣù kẹrin ìlú yìí ò sì mọ ẹni ọ̀wọ̀. Àwọn kan á máa gbálẹ̀ títì níwájú wọn, ọ̀dà títì tí mọ́tò ń gbà lójoojúmọ́, wọ́n á gbá a bíi pé iyàrá ni. Obìnrin méjì ló dúró tì mí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ rí i, ìyá àtọmọ, ọmọ yẹn ń jà pé ìwé ti gbà, kí ló dé tí kò sí obìnrin níbẹ̀, ìyá ò dá a lóhùn, ó kàn bọ́ bàtà tiẹ̀ náà. Èmi gbà pé ọmọ yẹn ló sọ òótọ́, torí ohun tí márùn-ún wá fọ́ ní 1699 ni pé a bí àwọn kan láti máa dúró lẹ́yìn.

Ohun tó ku ni oúnjẹ, òun ló jẹ́ kí n lóye gbogbo ẹ̀. Ní gurdwara, nígbà tí ìjọsìn bá fẹ́ tán, wọ́n máa ń pín oúnjẹ mímọ́ kan tí wọ́n ń pè ní karah prasad, fúláwà àlìkámà, ṣúgà àti ghee, ìyẹn òróró bọ́tà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń sè é, ó máa ń gbóná, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn ẹ̀ á kan èèyàn kó tó rí i. Ọjọ́ kan ni mo jókòó sílẹ̀ nítòsí iwájú, mo bo orí mi bí wọ́n ṣe ní ká ṣe, mo wá rí ohun tí mi ò kíyè sí rí. Bàbá tó dúró ti abọ́ ńlá náà fi kirpan kàn án, ó wá bu díẹ̀ sínú abọ́ kékeré, ó tún bu, ó ń kà á sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Àwọn márùn-ún kan tó jókòó síwájú ló kọ́kọ́ gba tiwọn, mo mọ ọ̀kan nínú wọn, mọ́tò èrò ló ń wà, òun ló máa ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Mo bi bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ta ló yan ọkùnrin yẹn. Ó ní àwọn Àyànfẹ́ Márùn-ún ni wọ́n yọ ọ́ fún, ẹni tó bá ti gba amrit tó sì ń pa ìlànà mọ́ ló lè jókòó síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó lè jẹ́ ẹlòmíì. Ó wá fọwọ́ tọ́ mi, ó ní ó ti kàn mí, kí n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ kí n gbé e sókè, torí bí Gúrù ṣe gbé tiẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó bẹ àwọn márùn-ún.